Ìràwọ̀ Oníkìnìún Tí Mo Fi Eérú Fọ̀

Títí di òní olónìí, bí mo bá gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní ilé wa ní Clinton, nílùú òyìnbó, ni imú mi máa ń gbé mi lọ. Òórùn ọsàn náà á kọ́kọ́ dé, òórùn eérú tútù á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni mo máa rí ọwọ́ ara mi nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nínú ìbọ̀wọ́ funfun tó tóbi débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìgúnpá mi. Oòrùn ń gba fèrèsé pálọ̀ wọlé. Bàálù kan ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibùdó àwọn ọmọ ogun òfúrufú ní Camp Springs, gíláàsì inú kọ́bọ́ọ̀dù sì ń gbọ̀n bí ó ti máa ń ṣe. Mò ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́. Inú mi dùn, torí mo gbà pé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi yìí, Dádì máa yìn mí lórí rẹ̀ títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Dádì jẹ́. Ọmọ Ìbàdàn ni, ilé-kéú ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ tọ́ ọ kí ó tó mọ ìwé òyìnbó. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe ní ibùdó àwọn ọmọ ogun yẹn, bí ó bá sì di òpin ọ̀sẹ̀, á tún máa bá àwọn aládùúgbò tún tiwọn ṣe. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ tó bá sọ, òwe ló máa ń bá a rìn. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní àdúgbò yẹn mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" àti "wá jẹun" lọ. Ní ilé tiwa, bí o bá fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ ẹran, o ò ní rí i jẹ. Bàbá àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wo bọ́ọ̀lù, wọ́n ń fọ mọ́tò, wọ́n ń lọ sí ìpàdé ọmọ ìlú. Bàbá tèmi ń kó àmì ẹ̀yẹ jọ, èyí tí àwọn ọba Páṣíà fi dá àwọn ará Rọ́ṣíà lọ́lá nígbà tí Rọ́ṣíà ṣì ní ọba. Bí wọ́n bá bi mí léèrè ní ilé ẹ̀kọ́ pé kí ni bàbá mi ń fi àkókò ìsinmi rẹ̀ ṣe, irọ́ ni mo máa ń pa, màá ní ó ń pẹja.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyá arúgbó òyìnbó kan ń gbé ní òpópónà kejì sí tiwa. Opó ni, ọmọ ará Rọ́ṣíà ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ bàjẹ́, Dádì lọ bá a tún un ṣe. Ìyá náà ń di ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà yẹn, torí ó fẹ́ kó lọ sí ilé àwọn arúgbó. Bí Dádì ṣe ń mu omi tí wọ́n bù fún un ni ojú rẹ̀ lọ sí páànù bísíkíìtì kan tó ṣí sílẹ̀ láàárín ẹrù. Ìràwọ̀ fàdákà kan tó ti dúdú ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ńlá kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Dádì tọrọ àyè, ó tú ìwé náà, ó rí èdìdì tó wà lókè rẹ̀, ó sì kà á sókè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé-kéú: "Al-mulku lillāh." Ti Ọlọ́run ni ìjọba.

Ìyá náà wá ibi jókòó. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wọ ilé ọkọ òun ni ìwé yẹn ti wà níbẹ̀, òun kò sì tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Ó bú sẹ́kún. Ó sọ fún Dádì pé bàbá bàbá ọkọ òun, Sabolin lorúkọ wọn, jẹ́ dókítà ní Rọ́ṣíà. Nígbà tí ọba Páṣíà ń rìnrìn àjò gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, àìsàn kọlu ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè rẹ̀, dókítà yìí tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá, ọba sì fi oyè dá a lọ́lá. Ó ní òun kò ní ọmọ tí òun lè fi í sílẹ̀ fún. Ó ní kí Dádì máa kó méjèèjì lọ, kí ó sáà má jẹ́ kí ìràwọ̀ àti ìwé náà pínyà láéláé. Dádì kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbà, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ń ka ìwé, ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn tí kò mọ̀ rí, ó ń fi kọ̀ǹpútà wá ohun tó fẹ́, kọ̀ǹpútà wa ìgbà yẹn tó máa ń han bí ológbò kí ó tó wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òun ló kọ́ mi pé Kìnìún àti Oòrùn ni orúkọ oyè náà. Ó ní bí ọba Páṣíà bá ń la Rọ́ṣíà kọjá, á máa fi í dá àwọn tó ṣe é lálejò lọ́lá, ìbáà ṣe gómìnà, ìbáà ṣe ọ̀gá ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà tó lọ kọ́ àwọn ará Páṣíà níṣẹ́ ogun náà sì gba tiwọn. Nígbà mìíràn ìwé nìkan ni ọba máa fún ẹni náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá lọ bá alágbẹ̀dẹ fàdákà ní ìlú rẹ̀ pé kí ó bá òun rọ ìràwọ̀. Ìyẹn máa ń pa Dádì lẹ́rìn-ín. "Wọ́n á fún ọ lóyè, ìwọ lo máa wá ìlẹ̀kẹ̀ tó o máa fi jẹ ẹ́," ó máa ń wí. "Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé wa."

Ìràwọ̀ dókítà yìí ní ìtànṣán méje. Láàárín rẹ̀, kìnìún kan dùbúlẹ̀, oòrùn sì ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn náà ní ojú bí ojú obìnrin. Dádì ṣàlàyé fún mi pé kìnìún ti ọmọ onílẹ̀ a máa dúró, á mú idà dání. Ti àlejò ló máa ń dùbúlẹ̀. Ó tọ́ka sí i láìfi ìka kàn án. "Àlejò la jẹ́ níbí, Àníkẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n kìnìún tó dùbúlẹ̀, kìnìún náà ni." Oríkì mi ni Àníkẹ́. Rófìá ni gbogbo ènìyàn yòókù ń pè mí.

Nígbà tí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, márùn-ún ló ti kó jọ, iye wọn ò ju ìyẹn lọ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kó ti àwọn Faransé tàbí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn, níwọ̀n ìgbà tí ọba Páṣíà fún àwọn náà. Ó ní bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ilé ńlá kan dáadáa, ẹnu ọ̀nà kan ni kí ó máa gbà wọ̀ ọ́. Ó fi pákó kan àpótí fún wọn, ó tẹ́ àrán sí i nínú, ó fi gíláàsì bò ó. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, á fọ ọwọ́, á nù ún gbẹ, á wọ ìbọ̀wọ́ funfun, á wá ní kí n bá òun di tọ́ọ̀ṣì mú. N kò gbọ́dọ̀ tàn án láti òkè. Ẹ̀gbẹ́ ni kí n ti máa tàn án, kí iná náà máa wọ́ nílẹ̀, torí ibẹ̀ ni àmì kéékèèké tí alágbẹ̀dẹ fi sílẹ̀ ti máa ń dìde. Wákàtí kan lè kọjá tí a ò sọ̀rọ̀. N kò tíì rí ẹni tó mọ bí a ṣe ń wo nǹkan bíi Dádì.

Òfin méjì péré ló ṣe fún wa. Èkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán kàn wọ́n. Èkejì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé wọn sáyà, òun alára kò jẹ́ ṣe é. "Oyè olóyè ni," ó ní. "À ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni, a ò jẹ ẹ́." Mọ́mì, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ẹsẹ̀ sì máa ń dùn ún bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá Rófìá, ti àwọn òkú Rọ́ṣíà lẹ̀ ń tọ́jú, ẹ ò tún sink mi ṣe." Dádì á ní àwọn òkú ò lè tọ́jú tiwọn, á sì dìde lọ tún sínńkì náà ṣe.

Ohun kan wà tí Dádì ń fẹ́, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń kó irú nǹkan wọ̀nyí jọ ní ẹgbẹ́ kan tó ń pàdé ní gbọ̀ngàn kan nítòsí College Park, lọ́dọọdún ní ìgbà ìrúwé ni wọ́n sì máa ń ṣe ìpàtẹ fún gbogbo ayé. Ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá gbà fún á gba tábìlì kan, á to ohun tó kó jọ sórí rẹ̀, á sì máa ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó wá wòran. Dádì fẹ́ tábìlì yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ kẹ̀kẹ́ lọ. Ó béèrè fún un lọ́dún kìíní, wọ́n kọ̀. Ó béèrè lọ́dún kejì, wọ́n tún kọ̀. Alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Hálàn, ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì, ti wo fọ́tò ìràwọ̀ náà, ó sì ní lójú òun, ayédèrú ni. N kò mọ̀ bóyá ìràwọ̀ nìkan ló ń wò nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Dádì kò bá a jà. Ó kọ lẹ́tà sí i pé kí ó wá sí ilé wa, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, ọkùnrin náà sì gbà láti wá ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Ohun tí Dádì gbójú lé ni dúdú tó wà lára fàdákà náà. Èmi kò mọ èyí nígbà yẹn: lójú àwọn tó mọ̀, dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ̀rí ọjọ́ orí ni, ó sì ṣòro fún ayédèrú láti ní irú rẹ̀.

Ohun tí èmi mọ̀ ni ohun tí Màmá Ìbàdàn kọ́ mi. Ìyá Mọ́mì ni, ó wá bá wa gbé fún oṣù mẹ́fà nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi ọkùnrin. Kò gba ọṣẹ ìfọwo wa gbọ́ rárá, ó ní omi lásán tó ń hó ni. Ẹ̀yìn ilé níbi tí Dádì ti máa ń sun ẹran ló ti máa ń bu eérú, á gé ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, á wá fi fọ ìdí ìkòkò títí ènìyàn á fi lè fi í wo ojú. Ó kọ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn fún mi ní pápákọ̀ òfúrufú ni pé kí n má jẹ́ kí nǹkan dúdú lọ́wọ́ ìyá mi.

Ó di ọjọ́ Sátidé yẹn. Mọ́mì ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, oorun ń kùn ún. "Rófìá, àlejò ńlá ń bọ̀ o," ó ní. "Kí gbogbo ilé yìí máa dán kí n tó jí. Mi ò fẹ́ embarrassment o." Ó gbé àbúrò mi, wọ́n lọ sùn lókè. Dádì ti gbé ìràwọ̀ dókítà jáde, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì oúnjẹ, ó gbé e lé e, ó gbé ìbọ̀wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wá wọ mọ́tò lọ sí ìsọ̀ kan lójú títì Route 5 láti ra tíì àti bísíkíìtì, torí kò dá a lójú pé òyìnbó náà máa jẹ mọ́ínmọ́ín.

Mo ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo nu fèrèsé, mo to bàtà, mo fọ ẹnu ẹ̀rọ omi títí mo fi rí eyín ara mi nínú rẹ̀. Nígbà tí mo wá dúró láàárín pálọ̀ láti wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, nǹkan kan ṣoṣo ni kò dán nínú gbogbo ilé: ìràwọ̀ Dádì, tó dúdú bí ìdí ìkòkò lórí aṣọ funfun. Òun gan-an sì ni àlejò ń bọ̀ wá wò. Àánú Dádì ṣe mí. Mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún un tí kò fi ráyè fọ̀ ọ́.

Ó ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán kàn án, ọmọ tó ń gbọ́rọ̀ sì ni mí, nítorí náà mo wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Kò tíì sọ fún wa rí pé ká má fọ̀ ọ́. Kò wá sí i lọ́kàn pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé rẹ̀. Mo bu eérú wá láti ẹ̀yìn ilé. Mo gé ọsàn wẹ́wẹ́, mo fi ojú rẹ̀ tẹ eérú náà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìtànṣán àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ ò rí i bí dúdú náà ṣe ń ṣí, tí fàdákà ń yọ! Mo parí ìtànṣán mẹ́ta. Mo dé ìdajì ìkẹrin nígbà tí Dádì ṣílẹ̀kùn.

Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì bísíkíìtì lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo rò pé ayọ̀ ni. Mo ní, "Dádì, ẹ wò ó! Ó ku díẹ̀."

"Àníkẹ́, gbé e sílẹ̀," ó ní. "Rọra gbé e sílẹ̀."

Ó sáré gbé e sábẹ́ omi, ó ṣan eérú àti ọsàn kúrò, ó fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Lẹ́yìn náà ló jókòó, tó bi mí pé, "Ta ló ní kó o ṣe é?"

"Àlejò ń bọ̀, sà."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ti ba nǹkan jẹ́, ẹkún sì gbé mi.

Ariwo ẹkún mi ló jí Mọ́mì. Bí ó ti sọ̀ kalẹ̀, tó rí ìràwọ̀ tó dúdú lápá kan, tó ń kọ mànà lápá kejì, ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Rófìá, o ti bà mí jẹ́! Two years ni bàbá ẹ ti ń wait fún ọkùnrin yẹn!" Ó gbé ọwọ́ sókè láti nà mí, Dádì dá a dúró.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Ìwọ lo ní kí gbogbo ilé máa dán. Ó dán."

Mọ́mì ní kí ó pe ọkùnrin náà lórí fóònù, kí ó ní ara òun kò yá. Bí kò bá fẹ́ ìyẹn, kí ó gbé ìràwọ̀ yẹn pamọ́, kí ó fi àwọn mẹ́rin tó kù hàn án. Dádì mi orí. Ó ní ìràwọ̀ ni ọkùnrin náà ń bọ̀ wá rí, ìràwọ̀ ló sì máa rí. Ó fà mí mọ́ra, ó fi apá tí mo fọ̀ àti apá tí n kò fọ̀ hàn mí. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," ó ní. "Dúdú yìí ni àkísà rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbó tó báyìí." Ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu imú mi. Agogo ẹnu ọ̀nà dún.

Ọ̀gbẹ́ni Hálàn ga, ó tínrín, gíláàsì tí ń mú nǹkan tóbi sì rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn pẹ̀lú okùn dúdú. Gẹ̀ẹ́sì ni òun àti Dádì ń sọ, ṣùgbọ́n mo rántí gbogbo rẹ̀. Ó kí wa, ó jókòó, ó wo ìràwọ̀ náà, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó wò ó pẹ́. Ó bi Dádì pé ta ló ṣe irú èyí.

Dádì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe bá a. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Èmi tí mo sá pamọ́ sẹ́yìn àga Mọ́mì, mo ń gbàdúrà pé kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó dáhùn pé, "Ọmọ mi obìnrin ni. Ẹ̀yin ló ń múra dè." Ó na ọwọ́ sí mi. Mo jáde, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo bá kúnlẹ̀. Ó dájú pé ọmọdé kankan kò kúnlẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Hálàn rí, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Ó ní kí n dìde, kí n jọ̀ọ́ dìde.

Lẹ́yìn náà ló yí ìràwọ̀ náà padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. N kò fọwọ́ kàn án rárá. Bí a ṣe ń tún ilé ṣe de àlejò náà nìyẹn, pálọ̀ là ń nù, kò sẹ́ni tó ń ráyè yàrá. Dádì gbé tọ́ọ̀ṣì fún mi. Mo nu ojú mi, mo tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kí iná náà máa wọ́ nílẹ̀ bí ó ti kọ́ mi. Àmì alágbẹ̀dẹ dìde: nọ́ńbà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tí wọ́n fi ń mọ fàdákà ní Rọ́ṣíà, àti orí obìnrin kékeré kan tó dà bíi pé ó wé gèlè gíga. Mọ́mì na ọrùn. "Ìyá yìí mọ gèlè í wé o," ó ní. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà mi rọlẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Hálàn béèrè bí Dádì ṣe mọ̀ pé ìwé àti ìràwọ̀ jọ ń rìn. Dádì tú ìwé náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á láti òkè, pẹ̀lú ohùn ilé-kéú, tó ń fa ìparí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń kéwú. Èdè Páṣíà ni, kò gbọ́ ọ. Lẹ́tà kéú nìkan ló mọ̀, àwọn kan sì wà nínú rẹ̀ tí aáfà rẹ̀ kò kọ́ ọ rí, á dúró lórí wọn, á fò wọ́n bí ẹni fo kòtò. Nígbà tó dé ìlà kẹrin, ó fi ìka sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, díẹ̀díẹ̀: Sa-bo-lin. Ó mú lẹ́tà tí ìyá arúgbó náà kọ sí i láti ilé àwọn arúgbó jáde, ó fi orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ hàn án. Ẹni tí ó ti ń kó àmì ẹ̀yẹ jọ láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi jókòó sílé wa, ó ń gbọ́ ohùn ọ̀kan nínú wọn fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó ní òótọ́ ni. Ó ní òun ló ṣi fọ́tò náà wò, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dádì níṣojú wa. Ó fún un ní tábìlì. Nígbà tó wá dé ẹnu ọ̀nà, tó ti jẹ mọ́ínmọ́ín méjì, ó rọra sọ fún Dádì pé kí ó to mẹ́rin tó kù síta, kí ó fi ìràwọ̀ yẹn sílé. Àwọn tó mọ̀ á káàánú rẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ á fi í rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó lọ tán, mo lọ bá Dádì nídìí tábìlì. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Ó gbé mi jókòó sórí itan rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti tóbi jù fún ìyẹn. "Nítorí àlejò ni wọ́n ṣe rọ ìràwọ̀ yìí," ó ní. "Nítorí àlejò náà lo ṣe fọ̀ ọ́. Mi ò rí ibi tí mo ti lè bá ọ jà." Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó dùn ún. Ó ń wo apá tó ń dán náà bí ẹni ń wo ibi tí ògiri ilé bàbá rẹ̀ wó sí.

Ní ọjọ́ ìpàtẹ, àárín tábìlì gan-an ló gbé ìràwọ̀ náà sí, ìwé ọba wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ káàdì kékeré kan sí i níwájú: ìràwọ̀ Dókítà Sabolin, tí ọba Páṣíà fún un; apá ọ̀tún, ọmọ mi ló fọ̀ ọ́ nígbà tó ń múra de àlejò. Mo dúró tì í, mo fẹ́ kí ilẹ̀ là kó gbé mi mì. Àwọn àgbà kan wò ó, wọ́n pòṣé. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni èrò ń dúró sí jù. Ìyá kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, ó sọ fún mi létí pé òun náà fi ọṣẹ fọ owó àtijọ́ bàbá òun nígbà tí òun kéré, òun kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Dádì ń sọ̀rọ̀ láìdúró, bàbá mi tí kì í sọ̀rọ̀! Ó ń sọ nípa kìnìún tó dùbúlẹ̀ àti èyí tó dúró, ó ń ka ìwé náà fún gbogbo ẹni tó bá béèrè. Nígbà tí ọ̀sán fi pọ́n, Ọ̀gbẹ́ni Hálàn fúnra rẹ̀ ló ń fa àwọn ènìyàn lọ́wọ́ wá síbẹ̀.

Nínú mọ́tò nígbà tí à ń padà sílé, Dádì ń rẹ́rìn-ín. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ó ní. Mo bi í bóyá apá tí mo fọ̀ kò ní dúdú mọ́ láéláé. "Á dúdú," ó dáhùn. "Fàdákà kì í gbàgbé ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ sáà má fọwọ́ kàn án. Ó kàn lè pẹ́ jù mí lọ ni."

Ó sì pẹ́ jù ú lọ lóòótọ́. Ọdún kẹta rèé tí a ti sin Dádì. Ọ̀dọ̀ mi ni àpótí náà wà, ìràwọ̀ àti ìwé kò pínyà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ilé ìtọ́jú eyín ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ohun tó dúdú ni mò ń fọ̀ kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, mo máa ń fọ ọwọ́ mi, màá nù ún gbẹ, màá wọ ìbọ̀wọ́ funfun Dádì. Kò kan ìgúnpá mi mọ́. Ó bá mi mu wẹ́kú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ìràwọ̀ náà lọ sídìí fèrèsé. Ìtànṣán mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún ti dúdú bíi ti òsì. Lójú ẹlòmíràn, kò sí ohun tó ṣe é rí. Lára ìtànṣán kẹrin nìkan ni nǹkan ṣì kù, níbi tí ọwọ́ mi dé nígbà tí Dádì ṣílẹ̀kùn: ìlà tín-ín-rín kan, tó jẹ́ pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló lè rí i, bí iná bá wọ́ nílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ọmọ tó wọ ìbọ̀wọ́ yìí lọ́jọ́ kìíní kò fẹ́ kí ohun kankan tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀ gbó. Èmi tí mo wọ̀ ọ́ lónìí, mo yí ìràwọ̀ náà síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, mo rí ìlà náà, ó pòórá, mo tún rí i, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má tíì dúdú tán.